Kí Ẹyin Tó Dé Ọjà Láìfọ́: Bí A Ṣe Ń Dì Í àti Bí A Ṣe Ń Gbé E

Àwọn àgbà ló sọ pé ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ẹyin gan-an tí wọ́n fi ṣe àpèjúwe yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún lẹ fi ń bọ́ adìẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ó wá yé tán, ẹ kó ẹyin jọ tán, ó ku díẹ̀ kó di owó, ó lọ fọ́ sínú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyá kan jọ wọ ọkọ̀ akérò láti Ìwó lọ sí Ìbàdàn. Kíréètì ẹyin mẹ́wàá ni ìyá náà kó dání. Ó to gbogbo wọn léra, ó sì fi okùn kan ṣoṣo dì wọ́n bí ẹni di igi ìdáná. Ọmọ ọkọ̀ tì í sẹ́yìn pátápátá, ó wá gbé àpò gàrí kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a dé Bódìjà tí ìyá yìí tú ẹrù rẹ̀, kíréètì ìsàlẹ̀ ti rin gbingbin, omi ẹyin sì ti wọ inú èyí tó wà lórí rẹ̀. Ẹyin 44 ló kà tó ti fọ́ tàbí tó ti là. Kò bá awakọ̀ jà, kò bá ọmọ ọkọ̀ jà. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹyin tó fọ́ lọ, torí pé kò yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. A ò ní fi náírà ṣe é, torí iye owó kì í dúró lójú kan. Ẹyin fúnra rẹ̀ la máa fi ṣe é. Ẹyin 30 ló wà nínú kíréètì kan. Ká ní owó ẹyin 26 nínú rẹ̀ ló bá oúnjẹ, oògùn àti owó ọkọ̀ lọ. Ẹyin mẹ́rin tó kù ni èrè yín. Tí mẹ́ta bá wá fọ́ lójú ọ̀nà, ẹnì kan lè ní, "Mẹ́ta nínú 30, kí ló wà níbẹ̀?" Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èrè yín ló dà sílẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ń kó kíréètì mẹ́wàá lọ sọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹyin méjì péré sì ń fọ́ nínú kíréètì kọ̀ọ̀kan, ẹyin 20 ló ń sọ nù lọ́sẹ̀ kan. Láàárín ọdún kan, ó di 1,040. Ìyẹn ju kíréètì 34 lọ.

KÍ LÓ Ń FỌ́ ẸYIN GAN-AN?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹrù wúwo ló ń fọ́ ẹyin. Irọ́ kọ́ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló burú jù. Ẹ mú ẹyin kan tó dára. Ẹ bọ́ òrùka ọwọ́ yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há ẹyin náà mọ́lẹ̀, kí ṣóńṣó rẹ̀ kan ọwọ́ kan, kí ìdí rẹ̀ tó tóbi kan ọwọ́ kejì, kí ẹ wá fún un. Ẹ ó rí i pé kì í tètè fọ́. Ẹ wá mú ẹyin yẹn kan náà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan etí àwo wẹ́rẹ́ báyìí. Ó là.

Bí Ọlọ́run ṣe dá ẹyin ló fa èyí. Agbára tó bá bọ́ sórí ṣóńṣó tàbí ìdí rẹ̀ á tàn ká gbogbo èèpo. Èyí tó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lójú kan ṣoṣo kò rí ibi tàn sí, ojú kan náà ló máa ti jáde. Nítorí náà, ọ̀tá ẹyin nínú ọkọ̀ ni kí ó máa kan ẹyin ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí igi, tàbí irin. Kí àyè sì wà tó lè máa fi rìn kó tó kàn án. Bí ọkọ̀ bá wá já sínú kòtò lójijì, àyè kékeré yẹn ni ẹyin máa fi sáré lọ kọlu nǹkan.

Iṣẹ́ méjì ni ẹni tó ń di ẹyin ń ṣe. Àkọ́kọ́, kó há a mọ́ ibì kan tí kò fi ní lè rìn. Ìkejì, kó fi ohun rírọ̀ sáàárín òun àti ohun líle. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí tí ọmọdé bá fò sílẹ̀ láti orí ògiri. Èyí tó fò sórí iyanrìn á dìde, á máa rẹ́rìn-ín. Èyí tó fò sórí sìmẹ́ńtì á dìde, á máa tiro. Ibi kan náà ni wọ́n ti fò. Iyanrìn kàn jẹ́ kí ìdúró náà pẹ́ díẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí iyanrìn ṣe fún ẹsẹ̀ ọmọ yẹn náà ni koríko, páálí àti ọ̀rá ń ṣe fún ẹyin.

INÚ ỌPỌ́N OÚNJẸ NI ÌDÌ ẸYIN TI BẸ̀RẸ̀

Ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sí bí a ṣe lè dì í tí kò ní yọ wá lẹ́nu. Ohun tí adìẹ fi ń ṣe èèpo ẹyin ni kálísíọ̀mù, tó wà nínú ìkarahun, òkúta ẹfun àti eegun lílọ̀. Oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin tó dáa ti ní i nínú. Àwọn kan nínú wa a máa bu oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà fún èyí tó ti ń yé, torí pé owó rẹ̀ fúyẹ́. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ yẹn, ojú ọ̀nà ọjà ni wọ́n ti máa san án padà. Èèpo ẹyin kan ń tó nǹkan bí ogún wákàtí kó tó parí, òru sì ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ń lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ìkarahun tí ẹ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bù ú fún wọn.

Oòrùn náà ń mú kí èèpo fẹ́lẹ́. Adìẹ tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú ooru kì í lè ṣe èèpo tó nípọn, torí náà ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọ ilé wọn dáadáa, kí omi tútù má sì wọ́n wọn. Adìẹ tó ti pẹ́ lẹ́nu yíyé, ẹyin rẹ̀ á máa tóbi sí i, èèpo rẹ̀ á sì máa fẹ́lẹ́ sí i. Bí èèpo ẹyin bá ṣàdédé rọ̀ tàbí tó rí wúruwùru nínú agbo tí kò tíì dàgbà, ẹ tètè pe dókítà ẹran, torí àrùn lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ń pè ní Newcastle, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa kó ẹyin lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ di alẹ́, adìẹ mìíràn á tẹ̀ ẹ́, á sán díẹ̀ tí ojú yín ò ní rí i. Ojú ọ̀nà ni yóò ti parí iṣẹ́ ọ̀hún.

Ẹ má fọ ẹyin o! Mo mọ̀ pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹyin tó mọ́. Ṣùgbọ́n ihò wíńníwínní tó ju 7,000 lọ ló wà lára èèpo ẹyin kan, nǹkan tín-ínrín kan tí ojú kò rí ló sì bò wọ́n. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, ìbòrí yẹn á ṣí. Bí omi náà bá tún tutù, tí ẹyin ṣì gbóná láti abẹ́ adìẹ, ohun inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa ìdọ̀tí wọlé pẹ̀lú omi. Ẹyin tó tutù tún máa ń sọ kíréètì onípépà di ẹ̀kọ. Ìmẹ́lẹ́rí díẹ̀díẹ̀, kànrìnkàn gbígbẹ ni kí ẹ fi ra á kúrò. Èyí tó bá dọ̀tí jù, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ sè é jẹ nílé.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò nínú òkùnkùn. Ẹyin tó ti sán á hàn bí ìgbà tí òwú tó ń tàn bá wà lára èèpo rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa lè mú ẹyin méjì kó fi wọ́n kan ara wọn wẹ́rẹ́ gan-an: èyí tó yè á dún ṣáká, èyí tó sán á dún bí ìkòkò tó ti sán. Ẹyin tó sán, tó tóbi jù tàbí tó gùn jù, kò yẹ kó wọ kíréètì ọjà. Ẹ ta ìyẹn nítòsí, fún àwọn tó ń dín ẹyin ládùúgbò, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó ti sán kí wọ́n lè tètè lò ó. Ẹyin kan tó bá fọ́ nínú kíréètì kì í dá fọ́. Omi rẹ̀ á rin pépà, pépà á rọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

KÍRÉÈTÌ

Ìjà ló bí àpótí ẹyin onípépà, bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1911, lágbègbè Smithers ní Kánádà, àgbẹ̀ kan àti oníhòtẹ́ẹ̀lì kan ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ nítorí pé ẹyin tí àgbẹ̀ ń kó wá máa ń fọ́ kó tó débẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Coyle, tó ń ṣe ìwé ìròyìn níbẹ̀, gbọ́ ìjà wọn. Ó jókòó, ó fi pépà ṣe àpótí tí ẹyin kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ṣóńṣó ẹyin ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí ìdí rẹ̀ tó tóbi kọjú sókè. Afẹ́fẹ́ kékeré kan wà ní ìdí ẹyin; bí ó bá wà lókè, ó máa jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀, inú ẹyin kò sì ní máa dà rú. Ẹ ti rí i pẹ̀lú pé tí ẹyin bá dúró báyìí, ibi tó lágbára lára rẹ̀ ló ń gba ẹrù.

Kíréètì onípépà tó ti rọ̀, tó ti ya tàbí tó ti rin nígbà kan rí, ẹ má lò ó mọ́. Ó lè ti gbẹ padà, àmọ́ kò le bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń to kíréètì léra, ẹ wo bí ti òkè ṣe jókòó. Bí ó bá rì wọ inú ti ìsàlẹ̀ tó fi kan ẹyin, ẹ yí i sí ọ̀nà kejì títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi gun orí òpó tó yọ láàárín ẹyin. Òpó yẹn ló yẹ kó ru ẹrù. Ohun tó ṣe kíréètì ìsàlẹ̀ ìyá Ìwó nìyí: kò sẹ́ni tó yí i, ẹyin ló ń ru ẹyin.

Ẹ má to ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ nínú ìdì kan. Kíréètì kan tó kún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì. Bí ẹ bá to mẹ́wàá, ẹyin ìsàlẹ̀ ń gbé nǹkan bí kílò mẹ́rìndínlógún, ọ̀nà ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi kíréètì òfìfo kan dé èyí tó wà lókè pátápátá, kí ẹ sì tẹ́ páálí tó le sísàlẹ̀ àti sókè. Ẹ di okùn ní òró àti ní ìbú. Níbi tí okùn bá ti kọjá etí kíréètì, ẹ fi páálí tí ẹ ká sí méjì sábẹ́ rẹ̀ kí okùn má baà gé pépà wọlé. Okùn gbọ́dọ̀ dì í débi tí kíréètì kò fi ní lè yọ̀, kò gbọ́dọ̀ fún un débi tí yóò fi tẹ̀ kọ́kọ́. Ẹni tó bá lágbára láti ra páálí ńlá tó ń gba kíréètì 12, ìyẹn ẹyin 360, ó ti rí ojúlówó nǹkan rà, tí kò bá jẹ́ kí òjò pa á.

ẸNI TÍ KÒ NÍ KÍRÉÈTÌ

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń sin adìẹ ìbílẹ̀ àti awó, tí ẹyin yín kò tó kíréètì mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Agbọ̀n lẹ ń lò. Agbọ̀n kò burú. Ohun tí a ń fi sínú rẹ̀ ni ìṣòro. Mo ti rí agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́, tí ẹyin ọgọ́ta sì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́.

Ẹ wá ohun gbígbẹ tó rọ̀. Háhá àgbàdo tí ẹ ti ya sí tẹ́ẹ́rẹ́ dára púpọ̀, torí pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń gbé ara rẹ̀ padà. Koríko gbígbẹ dára. Èèpo ìrẹsì dára, bẹ́ẹ̀ náà ni iyẹ̀ pákó láti sọ́ọ̀mìlì, bí ó bá gbẹ tí kò sì rùn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ṣeé fi wé ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tútù kò dáa rárá: á bu, èébu á sì wọ ẹyin.

Ẹ tẹ́ ohun tí ẹ bá rí sí ìdí agbọ̀n, kó ga tó ìka mẹ́rin tí a to pọ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ yí ká ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n náà pẹ̀lú. Ẹ to ẹyin ìpele kìíní, ṣóńṣó sísàlẹ̀, kí àyè tó tó ìka kan wà láàárín ẹyin sí ẹyin. Ẹ kún àyè yẹn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú! Wọ́n á da háhá bo orí ẹyin, wọ́n á ní ó ti tó, àárín ẹyin á ṣófo. Ẹ fi ìka tì í wọlé títí tí ẹyin kò fi ní lè mi. Kí ẹ tó wá bo ìpele náà, kó ga tó ìka méjì, kí ẹ tó to ìpele kejì. Ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún agbọ̀n kan. Ẹ kún orí rẹ̀ dé ẹnu, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ so aṣọ náà mọ́ etí agbọ̀n.

Kó tó jáde nílé, ẹ gbé agbọ̀n náà sókè díẹ̀, ẹ mì í lọ mì í bọ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dẹ etí sí i. Bí ẹ bá gbọ́ "kò-kò-kò" nínú rẹ̀, ẹ tú u, ẹ tún un kún. Ìdì tó dára kì í sọ̀rọ̀.

Ọ̀RÁ ONÍLÉRÒRÒ

Àwọn kan ti bi wá nípa ọ̀rá tó ní afẹ́fẹ́ nínú bí ìléròrò, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní bubble wrap, èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa tẹ̀ kó máa dún pá-pá-pá. Tẹlifíṣọ̀n àti fóònù tuntun ló máa ń bá wá. Alfred Fielding àti Marc Chavannes ló ṣe é ní ọdún 1957 ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Ẹrù dídì kọ́ ló wà lọ́kàn wọn nígbà náà. Ohun tí wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri ni wọ́n fẹ́ ṣe, kò sì tà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí ohun tó wúlò fún, ilé iṣẹ́ IBM sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi di kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rá yìí wúlò fún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti wúlò. Afẹ́fẹ́ inú ìléròrò kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ iyanrìn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá ti bẹ́ kò yàtọ̀ sí ọ̀rá gàrí mọ́, torí náà kí ẹ tó lò ó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ yí ká. Kò sí ìdí láti náwó ra tuntun fún ẹyin ọjà. Ẹ bẹ àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n tàbí àwọn ọmọ yín tó wà nígboro kí wọ́n bá yín tọ́jú èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù. Ẹ tẹ́ ìpele méjì rẹ̀ sábẹ́ ìdì kíréètì, ẹ fi òmíràn sáàárín kíréètì àti ẹ̀gbẹ́ páálí. Ó parí.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ìgò oyin, gíláàsì àtùpà àti tẹmómítà tí ẹ fi ń wo ooru ilé òròmọdìẹ. Ẹ jẹ́ kí ojú tó ní ìléròrò kọjú sára ohun tí ẹ ń wé, ẹ wé e ní ìlọ́po méjì, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ kó má baà tú. Ìgò kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ dá wé. Ìgò méjì nínú ọ̀rá kan á kan ara wọn fọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n sínú páálí ní ìdúró, kí ẹ kún gbogbo àyè tó bá kù.

Ẹ má fi ọ̀rá yìí wé ẹyin mọ́lẹ̀ pátápátá kí ẹ wá gbé e sí oòrùn tàbí kó sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Ọ̀rá kì í mí. Ẹyin á làágùn nínú rẹ̀, omi á dúró lára èèpo, ìdọ̀tí á rí ọ̀nà wọlé. Fún ẹyin, háhá sàn jù ú lọ lójú tèmi: kò gba owó, ó ń mí, ilẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ bí a bá dà á nù. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rá wà káàkiri inú ọgbà. Ewúrẹ́ àti àgùntàn máa ń jẹ ẹ́, ó sì ń dí wọn nínú pa. Kí àwọn ọmọ kéékèèké má sì fi dé orí ṣeré.

NÍNÚ ỌKỌ̀

Ẹni tó di ẹyin dáadáa tí kò bójú tó bí wọ́n ṣe gbé e, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ jí jáde, kí ẹ dé ọjà kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá lè yan àyè, ẹ gbé ẹyin sí agbedeméjì ọkọ̀, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni kì í fò sókè jù. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn táyà, ló máa ń jù ú sókè bí ẹni ń fẹ́ ọkà. Orí ọkọ̀ kò dáa, oòrùn àti òjò wà níbẹ̀. Ẹ tẹ́ fóòmù ògbólógbòó tàbí àpò tí ẹ fi koríko kún sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan kan lé e, ì báà jẹ́ ẹ̀fọ́. Ohun tó fúyẹ́ ní Ìwó lè ti di àpò iṣu kí ọkọ̀ tó dé Ìbàdàn, torí àwọn èrò mìíràn á máa wọlé. Ẹ má gbé ẹyin ti kẹrosíìnì, àlùbọ́sà tàbí ẹja gbígbẹ. Ihò tí a sọ yẹn ń fa òórùn mọ́ra. Tí àyè bá ṣí sílẹ̀ láàárín ìdì ẹyin àti àga, ẹ fi aṣọ kún un. Ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gbéra, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá, ẹyin ló wà lẹ́yìn o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rọra ní ibi tó bá ní kòtò." Kò ná yín ní nǹkan kan.

Ẹni tó ń lo ọ̀kadà, ẹ má so ẹyin mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ láìtẹ́ nǹkan. Irin yẹn ń gbọ̀n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìdì kíréètì mẹ́ta nínú páálí, tí fóòmù wà lábẹ́ rẹ̀, tí ẹ fi rọ́bà táyà dì mọ́ ọn, ó ti tó. Rọ́bà sàn ju okùn lọ níbí, torí ó ń fà, ó sì ń padà.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ tú ẹrù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ẹ ka èyí tó fọ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: ọjọ́, iye kíréètì, iye tó fọ́, kíréètì wo ló ti fọ́. Lẹ́yìn ọjà mẹ́rin, ìwé yẹn á ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún yín. Bó bá jẹ́ kíréètì ìsàlẹ̀ ló ń fọ́, ẹ ń tò ó ga jù tàbí kò sí nǹkan rírọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, okùn tàbí ẹrù ẹlòmíràn ni. Bó bá wà káàkiri, ẹ padà lọ wo ọpọ́n oúnjẹ adìẹ.

KÍRÉÈTÌ TÓ Ń BỌ̀ LÁTI ỌJÀ

Àwọn alájàpá máa ń fún àgbẹ̀ ní kíréètì òfìfo pàṣípààrọ̀ èyí tó kún. Ẹ ò mọ oko tí kíréètì yẹn ti kọ́kọ́ dé. Nígbà tí àrùn burúkú tó ń pa adìẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní bird flu, kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006, lára ohun tí àwọn dókítà ẹran kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni kíréètì tó ń ti oko bọ́ sí oko. Ìmẹ́lẹ́rí tó gbẹ mọ́ ọn lara lè gbé àrùn wọlé. Kíréètì onírọ́bà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ fi omi tó ní oògùn apakòkòrò ṣàn án, kí ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ. Kí gbogbo èyí jẹ́ lẹ́yìn ọgbà, kó tó wọlé. Onípépà kò ṣeé fọ̀. Ẹ má gbà á padà. Bó bá sì ti dé ọwọ́ yín, ẹ fi dáná.

ẸYIN TÍ A FẸ́ PA

Ẹ ti mọ̀ pé ẹyin ní ń di àkùkọ. Ẹyin tí ẹ fẹ́ kó lọ sí ibi ẹ̀rọ ìpamọ, tàbí tí ẹ fẹ́ fún aládùúgbò kó fi sàba, ó fẹ́ ìtọ́jú ju ti ọjà lọ, torí gbígbọ̀n lè ba inú rẹ̀ jẹ́ láìjẹ́ pé èèpo rẹ̀ là. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ nílẹ̀, níbi tó tutù tí oòrùn kò dé. Ẹ dì í bí a ṣe wí, ṣóńṣó sísàlẹ̀, kí ẹ sì ṣe ìpele ohun rírọ̀ ní ìlọ́po méjì. Bó bá ti dé ibi tó ń lọ, ẹ má gbé e sábẹ́ adìẹ tàbí sínú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ sí ibi tó tutù, kí ṣóńṣó rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, kó sinmi di ọjọ́ kejì.